Odò Tó Ń Gun Òkè

Aago kan òru ti kọjá ní Òkè-Fíà,
Ọ̀ṣun ṣì ń gun òkè lójú kọ̀ǹpútà mi.
Ó yọ lábẹ́ afárá Gbódófọn,
ó ń pọ́nkè bí ewúrẹ́ tó gbóòórùn èèpo iṣu.
Òkè-Baálẹ̀ ti di kòtò.
Ilé Ìyá Mùlíká tó wà létí odò
gúnwà sórí òkè, ó ń wo gbogbo wa nílẹ̀.

Ohun tí mo bẹ ẹ̀rọ kò ju èyí lọ:
kó gba gíga ilẹ̀ tí sátẹ́láìtì wọ̀n,
nọ́ńbà kan fún ọgbọ̀n mítà,
kó gé ìlú sí táìlì wẹ́wẹ́, kó kùn wọ́n láwọ̀,
ká lè mọ ojúlé tí omi máa kọ́kọ́ kàn
bí òjò oṣù kẹsàn-án bá dé.
Kò ṣàròyé. Kò kọ àṣìṣe kankan sílẹ̀.
Ó ní òun ti parí,
ó sì parí lóòótọ́.

Mo ka kóòdù látòkè délẹ̀, mo kà á látilẹ̀ dókè.
Mo yí àmì ìyọkúrò padà, òkun bo Ìkìrun.
Mo tètè dá a padà.
Mo fi ìlà-oòrùn sípò àríwá,
Òṣogbo kẹ́rù, ó ṣí lọ bá àwọn apẹja létíkun.

Ràfíù ló wọlé, ó wá mú fóònù rẹ̀ tó ń gbaná.
Táìlì ló ń tẹ́; sìmẹ́ǹtì ṣì wà léèékánná rẹ̀.
Ó tẹjú mọ́ ẹ̀rọ, ó rẹ́rìn-ín.
"Ògiri wo lo ti bẹ̀rẹ̀?"
Mo ní, ti ìsàlẹ̀.
"Ẹni tó kó ẹrù fún ẹ ńkọ́, ibo lòun ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á?"
Mo dákẹ́.
"Mo ti fi irú ẹ̀ ba pálọ̀ jẹ́ rí ní Ọ̀tà-Ẹfun.
Gbogbo òdòdó dorí kodò. Èmi ni mo sanwó ẹ̀."

Láìnì kan péré ni. Mo tún un kọ, mo tẹ̀ ẹ́,
ilẹ̀ yí padà lábẹ́ odò,
Ọ̀ṣun sì sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́
bí àgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé bàtà ẹlòmíì lòun wọ̀.

Ó wá ku ihò kan.
Ẹ̀yìn ilé Ìyá Mùlíká ló wà, ó dúdú bí inú ìkòkò,
ẹgbàá mẹ́rìndínlógún mítà nísàlẹ̀ òkun, ó tún lé.
Kànga wo ló jìn tó yẹn?
Mo tú ìwé ìtọ́ni títí oorun fi ń kùn mí,
mo bá a ní ojú ìwé tó kẹ́yìn:
níbi tí sátẹ́láìtì kò bá ti rí ilẹ̀,
nọ́ńbà yẹn ló ń kọ dípò "N kò mọ̀".
Kóòdù mi ló gbà á gbọ́.
Ó fi àìmọ̀ gbẹ́ ihò,
ó kùn ún, ó tún fi òjìji sí i.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo mú téèpù, mo lọ síbẹ̀.
Ìyá Mùlíká ṣí aṣọ ilẹ̀kùn yàrá,
ó nawọ́ sí ìlà pupa kan lára ògiri, lókè bẹ́ẹ̀dì díẹ̀.
"Ibi tó dé nìyẹn lọ́dún tí mo bí Kàmọ́rù.
Ẹni tó kunlé ní kóun bò ó. Mo ní kó má dán an wò."
Mo wọ̀n ọ́n: mítà kan, ó lé ìka mẹ́ta.
Mo kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ torí mi ò mú ìwé.

"Ṣé ilé mi wà nínú àwòrán yín?"
"Ó wà ńbẹ̀, mà. Ẹ̀yìnkùlé yín ni mi ò tíì mọ̀.
Mo fi í sílẹ̀ ní funfun."
Ó yọjú lójú fèrèsé, ó wo ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.
"Àwa náà ò mọ ibẹ̀," ló wí. "Igbó ni."